Òkè Búrọ́ọ̀ṣì Tó Wà ní Òdìkejì Odò

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, agogo Màmá ló máa ń jí wa. Agogo kékeré kan ni, irú èyí tí àwa aládùúrà máa ń lù kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Inú àpò ọwọ́ ni Màmá gbé e sí láti Iléṣà, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni kó o mọ́ ẹrù inú ọkọ̀ òfuurufú. Bí wọ́n bá ti lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, aládùúgbò wa, obìnrin òyìnbó kan tó ń sin ológbò mẹ́rin, á fi igi ìgbálẹ̀ lu ògiri, gbà, gbà, gbà. Màmá á ní, "Ẹ gbọ́, òun náà ti ṣe àmín." Lẹ́yìn ìyẹn làwọn pẹ́pẹ́yẹ inú adágún Southmere á bẹ̀rẹ̀ ariwo tiwọn, afẹ́fẹ́ á sì máa súfèé gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó so gbogbo fílàtì àjà kẹrin pọ̀. Kọnkéré ni gbogbo ibẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, ara ògiri á dúdú bí ẹni tó ń làágùn. Mi ò mọ ibòmíràn nílé ayé. Èkó ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà tí Daddy àti Mummy gbé mi wá sí London. Ohun kan ṣoṣo tí mo rò pé mo rántí ní Èkó ni òórùn kẹrosíìnì, ó sì lè jẹ́ pé ẹnu àwọn àgbà ni mo ti gbọ́ ìyẹn náà.

Màmá ni ìyá tó bí Mummy. Wọ́n wá bá wa gbé nítorí pé Mummy ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Woolwich, Daddy sì máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ń lọ gbálẹ̀ ilé-ẹjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh. Èmi nìkan lọmọ, ẹ̀rù sì ń ba Mummy pé màá máa dá nìkan wà. Bí Màmá ti dé ni iṣẹ́ ilé pọ̀ sí i. Èmi ni mò ń bó ẹ̀wà fún mọ́ínmọ́ín, èmi ni mò ń fọ agolo mílíìkì tí a ó fi sè é, èmi ni mò ń lọ sútánà funfun gbogbo wa ní ọ̀sán Sátidé kí ó lè gún régé fún ọjọ́ ìsinmi. Ìyẹ̀fun ìrẹsì àti ìyẹ̀fun ànàmọ́ òyìnbó la máa ń rò pọ̀ nínú ìkòkò, a ó sì máa pè é ní iyán. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Màmá jẹ ẹ́, wọ́n gbé òkèlè náà sókè, wọ́n wò ó yípo, wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ tí ẹ̀ ń pe èyí." Síbẹ̀ wọ́n jẹ ẹ́ tán. Lónìí tí mo ti jẹun lórí òkè ńlá káàkiri ilẹ̀ àwọn òyìnbó, mo ṣì máa ń wá irú mọ́ínmọ́ín yẹn, èyí tí etí agolo máa ń fi ilà yí po.

Lẹ́yìn ìsinmi Àjíǹde ọdún náà ni tíṣà wa kó gbogbo kíláàsì wa sínú fẹ́rì ní Woolwich, a kọjá odò Thames sí òdìkejì. Òkè kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe òkè Ọlọ́run. Eérú àti pàǹtí tí ilé-iṣẹ́ gáàsì ayé àtijọ́ kó dànù ló di òkè, koríko hù lé e lórí, àwọn kan wá tẹ́ ohun kan tó dà bíi búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ sílẹ̀ láti orí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Orí búrọ́ọ̀ṣì yẹn làwọn ènìyàn ti ń fi síkì sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni pé yìnyín ló wà níbẹ̀. Wọ́n wọ bàtà kan fún mi tó le bí àpótí, wọ́n de síkì náà, pátákó gígùn méjì, mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ṣubú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pariwo "Allow it, man!" bí àwọn ọmọ London ṣe ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Èmi ò ṣubú. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ nígbà yẹn, díẹ̀ náà ni mo lè ṣàlàyé nísinsìnyí. Mo kàn gbọ́ bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe ń dún ṣìììì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ìdúró ara mi sì yé mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Nílé ìwé, wọ́n máa ń sọ pé mo ti ga jù, apá mi ti gùn jù, mò ń da nǹkan nù. Lórí òkè yẹn, gígùn náà wúlò.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Doreen ló ń kọ́ àwọn ọmọdé níbẹ̀. Ó ti dàgbà, irun rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bó bá pè ọ́ láti ìsàlẹ̀ òkè, ẹni tó wà nínú fẹ́rì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn. Ó dá mi dúró nígbà tí àwọn yòókù ń tú bàtà.

Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Miss."

"Nígbà náà, wá lọ́jọ́ Sátidé. Bá mi to bàtà sórí pẹpẹ láàárọ̀, màá sì kọ́ ọ láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ."

Ìbá rọrùn ká ní mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Mummy. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ: kí ni ọmọbìnrin ń wá lórí òkè pàǹtí? Torí náà mo sọ fún wọn pé ilé ìwé ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìn ìṣirò ní àárọ̀ Sátidé. Inú Mummy dùn débi pé wọ́n ń di ìrẹsì fún mi nínú kúláà. Ẹ wo bí irọ́ ṣe máa ń rí. Mo máa ń jókòó sórí àga fẹ́rì, màá máa jẹ ìrẹsì lẹ́sìn ìṣirò, ata rẹ̀ á máa ta mí lẹ́nu, ọkàn mi ò sì ní balẹ̀ títí tí màá fi rí òkè yẹn. Bí mo bá ti rí i, màá gbàgbé gbogbo ẹ̀.

Ó tó oṣù méjì kí àṣírí tó tú. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn ní ihò láàárín bí àwọ̀n, Doreen sì ti kìlọ̀ fún wa lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹni tó bá ń ṣubú gbọ́dọ̀ di ẹ̀ṣẹ́, nítorí bí àtàǹpàkò bá kó sí ihò, ara á lọ, àtàǹpàkò á dúró. Ní Sátidé kan mo gbàgbé láti di ẹ̀ṣẹ́. Mo gbọ́ ìró kékeré kan, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi ìṣáná. Doreen fẹ́ pe ilé wa lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́ pé mo wà dáadáa, mo fi ọwọ́ náà sápò, mo sì gba fẹ́rì lọ sílé. Ní ọjọ́ kejì mo ki ọwọ́ bọ inú apá sútánà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọrin, mo jó, omijé ń bọ́ lójú mi, àwọn àgbà sì rò pé ẹ̀mí ló bà lé mi. Ìyá kan tilẹ̀ gbé ọwọ́ lé mi lórí.

Nígbà tí a délé, èbà àti ọbẹ̀ ilá ló wà nílẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì mú síbí. Màmá wo síbí náà. Wọ́n jẹ òkèlè méjì, wọ́n mu omi, wọ́n wá ní, "Bísọ́lá, kí ló ṣe ọwọ́ ọ̀tún ẹ?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Màmá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fi mú òkèlè kan kí n rí i."

Mo na ọwọ́ sí èbà náà. Ó gbóná. Mo gbìyànjú láti mú un, ariwo tí mo pa sì mú kí Mummy ju ife sílẹ̀. Àtàǹpàkò mi ti wú bí ẹ̀gẹ́, ó dúdú láti ìdí dé èékánná. Màmá di ọwọ́ náà mú, wọ́n ń fi òrí pa á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọn ò bi mí ní ìbéèrè mọ́. Mummy ló ń bèèrè, èmi náà sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, fẹ́rì, òkè, bàtà, Doreen.

Mummy dúró sójú kan, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ń bá àwọn ènìyàn sọ ọ́ níbi iṣẹ́ pé ọmọ mi ń gba lẹ́sìn. Lẹ́sìn ìṣirò wo ló ń ṣẹ́ àtàǹpàkò ọmọ?"

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ lọ sílé ìwòsàn, Daddy ò wo ojú mi. Nígbà tí a ń bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi nínú símẹ́ńtì funfun tí dókítà fi dè é, wọ́n ní, "Egungun á san. Irọ́ tí o pa fún ìyá ẹ ló ń dùn mí." Mo ti gba ìbáwí oríṣiríṣi láyé mi láti ìgbà náà, láti ẹnu àwọn olùkọ́ tó ń kígbe ní èdè mẹ́ta. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó ìyẹn.

Gbogbo wa gbà pé ọ̀rọ̀ òkè ti parí. Màmá nìkan ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n tú símẹ́ńtì kúrò lọ́wọ́ mi, bí a ti ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ní kí Mummy múra, àwọn fẹ́ lọ wo ibi tí ọmọ yìí ń lọ. Mummy ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ lọ wò níbẹ̀?" Màmá dáhùn pé, "A kì í bá ohun tí a ò tíì rí jà." Báyìí ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe kọjá odò. Màmá de gèlè lé fìlà onírun lórí, wọ́n wọ kóòtù Daddy, wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ fẹ́rì mú bí ẹni tó ń tu ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Doreen jáde wá pàdé wa. Ó bẹ Mummy pé kí wọ́n máà bínú, ó ní òun rò pé ilé mọ̀, kò sì yẹ kí òun gba ọ̀rọ̀ ọmọdé gbọ́. Mummy túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Màmá mi orí, wọ́n ní, "Sọ fún un pé a ti gbọ́. Kí ọmọ sọ̀ kalẹ̀ kí n rí i."

Mo gun òkè náà lọ. Láti òkè, mo rí Mummy tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Màmá ò bojú. Mo gba àárín àwọn ọ̀pá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kọjá, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, omi tí wọ́n ń wọ́n sára búrọ́ọ̀ṣì kí ó lè yọ̀ ń ta sí mi lójú, mo sì dúró gbọn-in níwájú wọn. Màmá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n yíjú sí Mummy, wọ́n ní, "Ìwọ rò pé ọmọ ẹ ń já bọ́. Ọmọ yìí ò já bọ́ o. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Ẹni tó ń já bọ́ kì í mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun máa tẹ̀." Láti ọjọ́ náà, Mummy àti Daddy gbà kí n máa lọ, pẹ̀lú àdéhùn pé bí n bá tún pa irọ́ kan péré, ó ti parí nìyẹn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í díje. Doreen máa ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé àwa ọmọ mélòó kan lọ sí irú òkè búrọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ ní àwọn ìlú míràn. Nígbà tí ewé fi ń bọ́ lára igi, kò sí ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi tó lè ṣájú mi mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan Doreen wá sílé wa. Ó jókòó sídìí tábìlì wa, ó jẹ mọ́ínmọ́ín méjì, ó sì gbé ìwé kan jáde. Wọ́n ti mú mi mọ́ àwọn ọmọ tí yóò lọ kọ́ṣẹ́ lórí yìnyín gidi ní Austria lẹ́yìn ọdún tuntun. Ẹgbẹ́ àwọn eléré síkì ló máa gbé gbogbo ìnáwó. Kí òbí mi fọwọ́ síwèé, kí wọ́n sì jẹ́ kí òun rí páásípọ́ọ̀tù mi, ìyẹn nìkan ló kù.

Daddy ò fọwọ́ kan ìwé náà. Wọ́n ní, "Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n kò lè lọ."

Doreen ní, "Ọ̀gbẹ́ni, irú ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n. Mo ti ń kọ́ ọmọ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́, mi ò tíì rí méjì irú ẹ̀."

"Òtútù ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún un. Kò lè lọ."

Wọ́n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n kí i pé ó dàbọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n padà wọlé, wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n. Mo wo ẹ̀yìn orí Daddy títí. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ọkùnrin yìí kórìíra mi. Láti ọjọ́ náà, màá kúnlẹ̀ kí wọn nígbà tí wọ́n bá ti iṣẹ́ dé nítorí Màmá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni màá máa wò. Bí wọ́n bá bi mí ní nǹkan, màá dáhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìwà burúkú gbáà ni. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà, mo sì ń ṣe é lọ.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Mummy ní kí n bá àwọn rìn yí adágún ká. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lábẹ́ kóòtù wọn. A rìn títí a fi dé ibi tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ máa ń kó jọ sí, kí wọ́n tó la ẹnu.

Wọ́n ní, "Daddy ẹ ò ní páásípọ́ọ̀tù kankan nílé tí wọ́n lè fún obìnrin yẹn. Tiwọn, tèmi, tìẹ, gbogbo rẹ̀ wà lọ́fíìsì ìjọba. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí a ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká máa gbé ìlú yìí títí. Wọ́n gbà ká máa ṣiṣẹ́, ká máa dúró de èsì. Ṣùgbọ́n bí o bá jáde lọ sí Austria, ta ló máa jẹ́ kí o padà wọlé?"

Mo ní, "Èmi? Mummy, ibí ni mò ń gbé."

"Mo mọ̀. Ìwé ni kò tíì mọ̀."

Mo wo àwọn ilé kọnkéré tó yí wa ká, àtẹ̀gùn tí mo ti ń sáré gùn láti kékeré, ìlẹ̀kùn wa aláwọ̀ búlúù lókè lọ́hùn-ún. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n dà bí ohun tí ẹnì kan lè gbà lọ́wọ́ mi. Mo bèèrè ìdí tí Daddy ò fi sọ fún mi. Mummy ní, "Bi wọ́n léèrè."

Daddy wà nínú yàrá, wọ́n ń dán bàtà iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo wo ojú wọn lọ́tẹ̀ yìí, mo ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mummy ti sọ fún mi." Wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì bàtà sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Iwájú àga adájọ́ ni mò ń gbálẹ̀ lójoojúmọ́. Bí mo bá gbálẹ̀ dé ibi tí àwọn ẹlẹ́jọ́ máa ń dúró, ara mi á bù máṣọ. Mi ò jí nǹkan, mi ò lu ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ mo ń rò ó pé lọ́jọ́ kan wọ́n lè ní kí èmi náà máa lọ. Mi ò fẹ́ kí o máa wo bàbá ẹ bí ẹni tí wọ́n lè lé." Wọ́n nu ojú, wọ́n ní, "Ó sàn kí o bínú sí mi."

Èmi náà ti di ìyá báyìí. Mo ti parọ́ irú èyí fún àwọn ọmọ mi rí, irọ́ tí èèyàn fi ń gba ẹrù kúrò lórí ọmọ. Nítorí náà ni n kò fi lè rántí ọjọ́ yẹn láìfẹ́ dìde lọ di Daddy mọ́ra. Nígbà yẹn, mo kàn mú bàtà kejì, mo sì bá wọn dán an.

Àwọn ọmọ yòókù lọ sí Austria lẹ́yìn ọdún tuntun. Èmi dúró sílé. Daddy sọ òótọ́ fún Doreen fúnra wọn, òun náà sì bá wọn kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba pé òun mọ ìdílé yìí. Ṣọ́ọ̀ṣì wa gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún wa, ṣùgbọ́n a ò jẹ́ kí ìjọ mọ ohun tí wọ́n ń gbàwẹ̀ sí. Òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí lẹ́tà bá já bọ́ lẹ́nu ìlẹ̀kùn, àwa tó wà nílé á sáré lọ wò ó. Ìwé iná mànàmáná ni. Ìwé ìpolówó kápẹ́ẹ̀tì ni. Mummy rù. Daddy dẹ́kun orin tí wọ́n máa ń kọ nínú ilé ìwẹ̀, mi ò sì mọ̀ pé mo fẹ́ràn orin náà àfi ìgbà tí mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Lẹ́tà náà dé ní Ọjọ́rú kan nígbà tí ojú ọjọ́ ti ń móoru díẹ̀. Màmá nìkan ló wà nílé, Mummy ti jáde lọ sọ́jà. Màmá ò ka òyìnbó, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé àpò ìwé náà tóbi, ó sì nípọn. Wọ́n gbé e sáàárín tábìlì, wọ́n gbé àga síwájú rẹ̀, wọ́n jókòó tì í. Nígbà tí Mummy dé, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n ní kí àwọn dúró de olórí ilé. Nígbà tí èmi ti ilé ìwé dé, mo bá àwọn méjèèjì níwájú lẹ́tà náà, ọbẹ̀ ti ń jóná lórí iná. Mo pa iná. Mo jókòó tì wọ́n. Àwa obìnrin mẹ́ta, a ń wo bébà bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń sùn.

Daddy wọlé, wọ́n rí ojú wa, wọ́n rí tábìlì. Wọn ò bọ́ kóòtù. Wọ́n mú ọ̀bẹ búrẹ́dì, wọ́n la àpò ìwé náà, páásípọ́ọ̀tù mẹ́ta já bọ́ sórí tábìlì. Wọ́n ka lẹ́tà náà. Wọ́n tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì gbì, pẹ̀lú kóòtù, pẹ̀lú bàtà.

Mummy kígbe, "Daddy Bísọ́lá, kí ni wọ́n sọ?"

Daddy ní, "Wọ́n ní ká máa gbé ibí. Wọ́n ní ká máa gbé ibí títí."

Mi ò lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ sunkún. Màmá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń yí gbirigbiri, wọ́n ń dúpẹ́. Mummy di mí mú débi pé mi ò lè mí. Ohun tí mo rántí jù lọ ni bí èjìká Daddy ṣe sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n ni èjìká yẹn ti máa ń wà lókè, nítòsí etí. Mo rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Wọ́n wò mí láti ilẹ̀ tí wọ́n jókòó sí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní, "Ìlú wo ni obìnrin yẹn ní òun fẹ́ gbé ẹ lọ?"

Mo rí yìnyín gidi lórí òkè kan ní Austria ní ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀. Kò sí ṣìììì búrọ́ọ̀ṣì, mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ ara mi, mo sì ṣubú nígbà mẹ́fà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nítorí pé etí ni mo ti fi ń sọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sórí òkè yẹn fi mí rẹ́rìn-ín. Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Màmá padà sí Iléṣà ní ọdún náà, wọ́n ní ara àwọn ń wá oòrùn. Mo pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ ní òkè òkun, mò ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé nínú bọ́ọ̀sì. Iṣan orúnkún mi já lẹ́ẹ̀kan, mo sì fi odindi ọdún kan kọ́ bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Mo máa ń gbẹ̀yìn, mo dẹ́kun gbígbẹ̀yìn, mo ń wà láàárín. Nígbà tí mo pé ọdún méjìdínlógún ni wọ́n pè mí pé kí n wá díje pẹ̀lú àwọn tó mọ síkì jù lọ láyé.

Daddy àti Mummy wọ bọ́ọ̀sì wá láti London, ìrìn-àjò ọjọ́ kan àti òru kan. Nọ́ńbà tí mo so mọ́ àyà tóbi, ìyẹn ni pé èmi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó máa sọ̀ kẹ́yìn, nígbà tí àwọn tó ti lọ ṣáájú ti gbẹ́ ojú ọ̀nà di kòtò. Òfin eré náà ni pé ọgbọ̀n ẹni tó bá yá jù ní ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ló máa sọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn yòókù á máa lọ sílé. Mo sọ̀, mo fo nínú kòtò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, mo dé ìsàlẹ̀, mo wo pátákó. Ipò ọgbọ̀n ni mo wà. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló kù lẹ́yìn mi, bí ẹnì kan péré nínú wọn bá sì yá jù mí lọ, ó ti parí.

Mo lọ dúró ti Daddy àti Mummy lẹ́bàá ọgbà. Daddy ní, "Ṣé ó ti tán?" Mo ní, "Ó ku mẹ́sàn-án." A ń ka wọ́n. Èyí lọ́ra. Èyí ṣubú, Mummy ní, "Ah, pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi," bí ẹni pé ọmọ náà lè gbọ́. Ẹni tó kẹ́yìn yá gan-an títí dé ọ̀pá tó kù díẹ̀ sí òpin, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀. Àkókò rẹ̀ fi ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá ju tèmi lọ. Mummy jókòó sórí yìnyín. Daddy di ọgbà náà mú. Wọ́n ń mí, wọ́n ń mí, èéfín ń jáde lẹ́nu wọn bí ti ìkòkò.

Ohun tí àwọn òbí mi ò mọ̀, tí mo sì gbàgbé láti sọ fún wọn, ni pé nígbà kejì, ẹni tó bá wà nípò ọgbọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rán sọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sán, nígbà tí wọ́n ti rì àwọn ọ̀pá sí ibòmíràn, tí wọ́n sì ti tún ojú ọ̀nà ṣe, èmi ni mo kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ibodè. Kò sí kòtò kankan. Kò sí ipa ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Gbogbo òkè náà tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ mi, funfun, kò sí ẹnì kan tó tíì kàn án. Ọkùnrin tó ń ka àkókò fún ẹni tó fẹ́ sọ̀ gbé ọwọ́ sí èjìká mi, ó ní, "Ṣé o ti ṣe tán?" Mo mí síta. Mo wá ẹ̀rù nínú ara mi, mi ò rí i. Mo ní, "Mo ti ṣe tán," mo sì lọ.